Ohun Tó Ń Di Èèkù Mọ́ Ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ tí alágbẹ̀dẹ fi sìpíríǹgì ọkọ̀ rọ lè pẹ́ nílé títí tí ọmọ yóò fi jogún rẹ̀. Èèkù rẹ̀ kì í sábà bá a dé ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìdáná, ẹ ó bá ọ̀bẹ kan tó ṣì mú dáadáa, àmọ́ tí wọ́n fi rọ́bà tàbí àkísà wé ní ọrùn, tó ń mì jìgìjìgì bí wọ́n bá fi gé iṣu. Àwọn onílé á ní igi tí alágbẹ̀dẹ lò ni kò dáa. Àwọn mìíràn á ní gọ́ọ̀mù rẹ̀ ni kò lágbára. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn o, àmọ́ tí ẹ bá fa ọ̀bẹ náà yọ tí ẹ sì yọjú wo inú igi, ibi tí ẹjọ́ wà gan-an yóò hàn: ihò náà gbòòrò ju irin lọ. Ìbámu igi àti irin ló ń di ọ̀bẹ mú. Gọ́ọ̀mù, ìṣó àti òrùka, olùrànlọ́wọ́ ni gbogbo wọn.

Àwọn ẹ̀yà tí a ó máa dárúkọ

Irin ọ̀bẹ pín sí méjì. Apá tó ń gé nǹkan la mọ̀ jù: ó ní ẹnu tó mú, ẹ̀yìn tó nípọn, àti ṣóńṣó. Apá kejì ni irin tó gùn jáde lẹ́yìn, tó sì wọ inú igi lọ. Ìrù ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ibi tí irin tó ń gé nǹkan ti pàdé ìrù ni ọrùn ọ̀bẹ. Igi tí ọwọ́ ń dì mú ni èèkù. Ibi tí ìrù gbà wọlé ni ẹnu èèkù, òpin rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ni ìdí èèkù. Òrùka ni ohun tí wọ́n fi idẹ tàbí páìpù irin ṣe, tí wọ́n fi há ẹnu èèkù kí igi má bàa là.

Oríṣi ìrù méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wọ inú igi bí gbòǹgbò eyín ṣe wọ inú erìgì. Tí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ kò ní rí i mọ́. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ìrù àtìbọ̀. Èkejì fẹ̀ tó èèkù fúnra rẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n máa ń fi há a láàárín, tí wọ́n á sì kàn án pọ̀. Ìyẹn ni ìrù fífẹ̀. Ìrù àtìbọ̀ ni ẹ ó bá lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbílẹ̀, òun náà ni àròkọ yìí yóò sì dúró tì jù, torí pé òun ló ṣòro jù láti ṣe dáadáa.

Kí ló ń fa èèkù yọ?

Ewédú àti àlùbọ́sà kì í ba èèkù jẹ́. Iṣu, egungun, àgbọn àti igi ìdáná ló ń bá a jà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì ń gbà. Fífà ni àkọ́kọ́: ọ̀bẹ há sínú iṣu, ẹ sì fà á yọ. Yíyí ni èkejì: ẹ ki ọ̀bẹ bọ oríkèé ẹran, ẹ wá lọ́ ọ kí ó lè là. Ẹ̀kẹta ni títẹ̀, òun ló burú jù. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ nǹkan líle, ni irin bá fẹ́ la inú igi kọjá sókè, kó sì gba ìsàlẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ sí i, torí pé òun ló ń tú àṣírí yìí. Ká ní ṣóńṣó ọ̀bẹ jìnnà sí ẹnu èèkù ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí agbára tó tó kílò 5 sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 péré ni ìrù wọ inú igi, nǹkan bíi kílò 25 ni ọrùn ọ̀bẹ yóò máa fi ti igi ní ẹnu èèkù, òpin ìrù yóò sì máa fi kílò 20 ti igi ní òdìkejì. Bí ìrù bá wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 10, kílò 25 yẹn á wálẹ̀ di 15, kílò 20 á wálẹ̀ di 10. Ọwọ́ kan náà ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀bẹ kan náà ni. Gígùn ìrù nìkan ló yàtọ̀.

Ohun méjì ni ìṣirò yìí fi hàn. Àkọ́kọ́, ìrù tí kò gùn tó ìdajì èèkù ń jẹ gbèsè. Èkejì, ẹnu èèkù ni ìyà pọ̀ sí jù, ìdí nìyẹn tí igi fi máa ń là níbẹ̀ kó tó là níbòmíràn, tí òrùka sì fi wúlò níbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Ọgbọ́n tó ti pẹ́

Kò tíì sí irin rárá nígbà tí ọmọ aráyé ti ń wá ọ̀nà àtifi èèkù sí ọ̀bẹ. Ní 1991, wọ́n rí òkú ọkùnrin kan nínú yìnyín orí òkè Alps, ní ààlà Ítálì àti Austria. Ó ti lé ní ọdún 5,000 tó ti kú. Ọ̀bẹ kékeré kan wà lára ẹrù rẹ̀: òkúta ni wọ́n fi ṣe ẹnu rẹ̀, wọ́n ti ìdí òkúta náà bọ igi, wọ́n sì fi iṣan ẹran dè é.

Ti Japan ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Idà àwọn jagunjagun ibẹ̀, tí wọ́n fi ń ja ìjà àjàkú akátá, èèkàn oparun kékeré kan ló di èèkù rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n lu ihò sára ìrù, wọ́n lu ihò sára igi, èèkàn oparun wá gba méjèèjì kọjá. Tí wọ́n bá fẹ́ tún idà ṣe, wọ́n á ta èèkàn náà yọ, èèkù á sì bọ́ sílẹ̀. Wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìrù gígùn tí igi gbá mọ́ra láti ẹnu dé ìdí ló ń ṣe iṣẹ́. Èèkàn kàn ń ṣọ́ ọ kó má yọ ni.

Nílé wa níbí, ẹ wo àáké ìbílẹ̀. Wọ́n máa ń fi igi tó yọ kókó ní orí ṣe é, wọ́n á lu kókó náà, wọ́n á sì ti ìdí irin bọ̀ ọ́. Gbogbo ìgbà tí àgbẹ̀ bá fi la igi, ńṣe ló ń ti irin wọlé sí i. Àáké ń há ara rẹ̀ mọ́ igi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀bẹ kò ní irú oore yẹn. Gígé àti fífà ni iṣẹ́ rẹ̀, òde ni fífà sì ń gbé ìrù lọ. Ẹni tó bá ń ṣe èèkù ọ̀bẹ bí ẹni ń ṣe ti àáké, tó ní bí ó bá ti wọlé ó ti parí, yóò máa gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu oníbàárà.

Ìdí mìíràn wà tí iṣẹ́ fi ń bàjẹ́. Níbòmíràn, alágbẹ̀dẹ á rọ irin tán, á gbé e fún gbẹ́nàgbẹ́nà kó lọ fi igi sí i. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Òótọ́ sì ni, ẹlòmíràn ni yóò gbẹ́ ẹ. Àmọ́ bí ẹni tó gbẹ́ igi kò bá sí níbi tí wọ́n ti rọ irin, ihò tó bá ọ̀bẹ mìíràn mu ló lè lu. Lójú tèmi, kí ẹnì kan ṣoṣo ṣe méjèèjì ló dára jù, tàbí kí àwọn méjèèjì jókòó sí ibì kan náà.

Igi tó yẹ, àti ohun tí ojú ọjọ́ ń ṣe fún un

Apá ni igi tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Ó le, ó wúwo níwọ̀nba, kì í sì fún tàbí wú púpọ̀ bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ìrókò náà dára, tíìkì náà dára, àmọ́ òróró inú tíìkì kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú un bí kò bá jẹ́ pé wọ́n fi spírítì nù ún kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ lè rí àjákù gbogbo wọn ní sọ́míìlì. Ẹni tó bá ń fi sánpépà ha ìrókò, kó fi nǹkan bo imú, nítorí eruku rẹ̀ máa ń da èémí àwọn kan láàmú. Igi gúáfà àti igi ọsàn le dáadáa, àmọ́ wọ́n máa ń là nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ. Ẹ má ṣe lo àràbà tàbí ahùn rárá. Wọ́n rọ̀ jù. Ìrù yóò máa jẹ igi díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi gbòòrò.

Ojú igi gbọ́dọ̀ gba gígùn èèkù lọ, láti ẹnu dé ìdí. Èèkù tí ojú igi rẹ̀ gba ìbú, ọjọ́ kan ni yóò kán sí méjì lọ́wọ́ ẹni.

Ohun tó sì ṣe pàtàkì ju irú igi lọ ni kí igi gbẹ. Igi ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, ó sì ń tú u jáde. Lásìkò òjò, ó ń wú. Nígbà ọyẹ́, ó ń fún. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìbú àti ìnípọn rẹ̀ ló ń yí. Irin kì í bá a wú, kì í sì í bá a fún. Tí ẹ bá fi igi tútù ṣe èèkù, tí ọyẹ́ wá dé, igi á máa fún mọ́ ìrù, ìrù kò ní gbà, ẹnu èèkù á wá là. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi ti gbẹ, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn kì í pa á, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kó máa gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan ni ó tó lò.

Ní ilé arọ: bí ìrù ṣe ń wọ igi

Iṣẹ́ èèkù bẹ̀rẹ̀ láti orí owú, nígbà tí irin ṣì pọ́n nínú iná. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìrù rí róbótó. Onígun mẹ́rin ló ń rọ ọ́, kí igi lè dì í mú nígbà tí wọ́n bá ń lọ́ ọ̀bẹ, ó sì ń jẹ́ kó tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sí òpin. Ibi tí ìrù ti pàdé ọrùn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ igun tó mú. Ńṣe ni kó tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀tọ̀, nítorí gbogbo ìnira tí ọ̀bẹ ń rí ló ń kóra jọ sínú igun tó bá mú, ibẹ̀ sì ni irin ti máa ń ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ tí ẹ rí tó kán lọ́rùn, igun yìí ló pa á.

Nígbà tí wọ́n bá sì ń ri irin pípọ́n bọ epo tàbí omi kó lè le, apá tó ń gé nǹkan nìkan ni wọ́n ń rì. Ìrù kò nílò líle yẹn. Irin tó bá le jù kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ló ń ṣẹ́; ìrù tó rọ̀ díẹ̀ ló ń fara da wàhálà.

Igi ló kàn. Ẹ má tíì gbẹ́ ẹ di èèkù. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà ní gbọnrangandan, kó tóbi ju bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí lọ, kó lè jẹ́ pé bí ihò bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí ibi tún un ṣe nígbà tí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ. Ẹ fi dírílù lu ihò kan sí àárín gbùngbùn, kí ihò náà má ju ìnípọn òpin ìrù lọ, kó sì jìn tó bí ìrù ṣe gùn.

Ní báyìí, iná. Alágbẹ̀dẹ á fi àkísà tó ti rẹ sínú omi wé gbogbo ara ọ̀bẹ, láti ṣóńṣó títí dé ọrùn, ìrù nìkan ni yóò sì wọ inú èédú. Àkísà yìí kì í ṣe nítorí ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Irin tí wọ́n ti mú le máa ń padà rọ̀ bí ooru bá wọ̀ ọ́ lára jù. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 220 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, ara irin tó mọ́ á ní àwọ̀ ìyeyè. Ní nǹkan bíi 300, á di àwọ̀ aró. Bí ẹ bá rí àwọ̀ aró tó ń rìn láti ọrùn bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀bẹ, ẹ tètè da omi sí i, nítorí bí àwọ̀ yẹn bá dé ẹnu, ọ̀bẹ náà kò ní mú pẹ́ mọ́.

Tí ìrù bá ti pọ́n, alágbẹ̀dẹ á fi ẹ̀mú gbé ọ̀bẹ, á sì ti ìrù bọ ihò ní tààrà, ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Èéfín á sọ, igi á máa dún ṣíìì, òórùn igi jíjó á gba gbogbo ilé arọ. Á tún fà á yọ kíá. Tó bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, iná á jẹ ihò náà fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Á gbọn eérú àti èédú inú ihò dànù, á dá ìrù padà sínú iná, á tún tì í bọ̀ ọ́. Ìhà kan náà ló gbọ́dọ̀ máa kọjú sókè nígbàkígbà tó bá ń tì í. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ẹfun tàbí fáìlì sàmì sí igi. Díẹ̀díẹ̀, ihò á gba àwòrán ìrù gẹ́lẹ́: onígun mẹ́rin tó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, èyí tí dírílù kò lè lù.

Á dúró nígbà tó bá ku bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà kí ọrùn kan igi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọ́n á fẹ́ fi iná parí ẹ̀. Èédú tí iná ṣe sí ara ihò kò lágbára kankan. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò máa rún bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀bẹ, ààyè á wá ṣí sílẹ̀ láàárín igi àti irin. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú ihò títí yóò fi kan igi gidi. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà tó ṣẹ́kù, tútù ni wọ́n ń tì í wọlé. Ẹ di èèkù mú, kí ṣóńṣó ọ̀bẹ kọjú sílẹ̀ láìkan ohunkóhun, kí ẹ wá fi òòlù igi gbá ìdí èèkù lókè. Ó lè jọ pé ọ̀bẹ yóò já bọ́. Kò ní já bọ́ o. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbá a, igi á sáré lọ sísàlẹ̀, irin tó wúwo á lọ́ra láti tẹ̀ lé e, ìrù á sì máa wọ inú igi sí i. Ẹ ó gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń yí padà: ní ìbẹ̀rẹ̀ á dún bí ohun tó ṣófo, nígbà tí ọrùn bá ti jókòó sórí igi, ìró náà á le, á sì kúrú.

Òrùka ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sí ẹnu èèkù kí wọ́n tó gbá a báyìí. Wọ́n á gbẹ́ ẹnu igi kó ju inú òrùka lọ díẹ̀ bíńtín, wọ́n á sì fi òòlù ti òrùka wọ̀ ọ́ tipátipá. Ẹni tí kò bá rí páìpù idẹ lè rán awọ màlúù tútù mọ́ ọn. Bí awọ náà bá ṣe ń gbẹ ni yóò máa fún mọ́ igi.

Iṣẹ́ tí gọ́ọ̀mù ń ṣe

Láyé àtijọ́, oje igi ni wọ́n ń yọ́ mọ́ ìda oyin, wọ́n á pò ó mọ́ eérú kúnná, wọ́n á dà á sínú ihò kí wọ́n tó ti ìrù bọ̀ ọ́. Irú rẹ̀ wà káàkiri ayé. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ooru ń yọ́ ọ.

Lónìí, gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí à ń pò pọ̀ ló dára jù. Araldite, tó jáde láti Switzerland ní 1946, ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ fi mọ̀ ọ́. Ìdajì túùbù kìíní, ìdajì túùbù kejì; ẹ pò ó títí yóò fi di àwọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fi èyí tó ń mú un le kún un ju bó ti yẹ lọ, tó ní kó lè tètè gan, ń sọ ọ́ di ohun tí kò ní gan dáadáa láéláé ni.

Kí ẹ tó lò ó, ìyẹn kí ẹ tó gbá ìrù wọlé ní tútù, ẹ fi sánpépà tó nípọn ha ìrù kí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ẹ fi fáìlì gé ojú kéékèèké mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó jìnnà sí ọrùn. Ẹ fi spírítì nù ún, ẹ má sì fi ọwọ́ kàn án mọ́. Òróró ọwọ́ lásán tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ki gọ́ọ̀mù sí ìsàlẹ̀ ihò, kí ẹ máa bọ̀ lókè, torí pé bí ẹ bá kàn dà á sí ẹnu ihò, afẹ́fẹ́ á há sísàlẹ̀, gọ́ọ̀mù kò sì ní dé ibẹ̀. Ẹ ti ìrù bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ nu èyí tó bá tú síta, ẹ wá gbé e nàró fún wákàtí 24.

Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò kò yẹ fún iṣẹ́ yìí. Omi wà nínú rẹ̀. Nínú ihò jíjìn tí irin dí, omi náà kì í rí ibi gbà jáde, ìpẹtà ló ń fà. Àwọn gọ́ọ̀mù tó ń gan lójú ẹsẹ̀ náà kì í fara da gbígbá àti mímì. Wọ́n á tètè là.

Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Púpọ̀ nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ tí ooru bá ti kọjá ìwọ̀n 60. Ẹni tó bá ń gbé ọ̀bẹ sí etí àdògán, tàbí tó ń rì í sínú omi gbígbóná láti fọ ọ̀rá, ń tú ohun tí alágbẹ̀dẹ dè ni. Ìyẹn náà ló sì jẹ́ ọ̀nà àbáyọ bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ èèkù: ẹ sè é nínú omi híhó, ẹ fà á yọ nígbà tó ṣì gbóná. Ooru omi híhó, tí kì í ju 100 lọ, kò lè ba líle irin jẹ́.

Ọ̀bẹ oníìrù fífẹ̀

Èyí rọrùn díẹ̀. Ẹ lu ihò méjì tàbí mẹ́ta sára ìrù kí wọ́n tó mú irin le, torí pé bí líle náà bá dé ara ìrù, dírílù kò ní jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ pákó méjèèjì mọ́ ọn, ẹ fi fáìsì dì í mú ṣinṣin, àmọ́ kí ẹ má fún un pa. Bí ẹ bá fún un jù, gbogbo gọ́ọ̀mù á tú jáde, irin àti igi á kàn fara kan ara wọn ní gbígbẹ.

Wáyà bàbà tó nípọn, irú èyí tí àwọn oníná ń rì mọ́lẹ̀ nínú ilé, dára fún ìṣó rẹ̀. Ẹ gé e kó yọ jáde ní ìwọ̀nba mílímítà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fẹ ẹnu ihò igi díẹ̀, ẹ wá máa fi òòlù kékeré lu orí bàbà náà yíká yíká títí yóò fi tẹ́, tí yóò sì kún ẹnu ihò náà. Ìlù kékeré ni o. Òòlù ńlá ń la igi.

Àwọn ohun tí à ń gbọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀

Ẹ ti gbọ́ ọ pé ìrù fífẹ̀ nìkan ló lágbára, pé ìrù àtìbọ̀ jẹ́ ti ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú. Idà Japan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti dáhùn ìyẹn. Ìrù àtìbọ̀ tó gùn, tó sì bá ihò mu, kò ní ohun tó ń tijú fún. Ìrù fífẹ̀ náà wúwo jù, etí rẹ̀ sì hàn síta láti ẹ̀yìn dé ìsàlẹ̀, omi sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Omi ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Èèkù ń mì, wọ́n á ju ọ̀bẹ sínú omi mọ́jú pé kí igi wú kó lè há. Lára hámà àti àáké òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ọ, níbi tí igi ti wọ inú ihò irin. Níbẹ̀, igi tó bá wú á há mọ́ irin lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Ti ọ̀bẹ yàtọ̀: irin ló wà nínú igi. Ihò inú igi sì máa ń ṣe ohun tí igi tó yí i ká ń ṣe. Bí igi bá wú tán pátápátá, ihò náà á gbòòrò sí i. Ó lè jọ pé ó há ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí omi ṣì ń wọ ara ihò, àmọ́ kò ní pẹ́ tú. Ohun tí yóò ṣẹ́kù ni ìpẹtà lára ìrù, níbi tí ojú kò tó.

Àwọn mìíràn á gbá ìṣó bọ ẹnu èèkù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù, kó lè dí àlàfo. Ìṣó yẹn ń ṣe iṣẹ́ àáké: ó ń la igi láti ibi tí agbára rẹ̀ kéré jù. Tí kò bá sí alágbẹ̀dẹ nítòsí, ó sàn kí ẹ fa irin yọ, kí ẹ ha inú ihò mọ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí ẹ pò mọ́ eruku igi kún un, kí ẹ sì tì í padà.

Bákan náà ni epo pupa. Ó ń mú kí igi dán fún ọjọ́ méjì, àmọ́ kì í gbẹ láéláé. Yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò máa kó ìdọ̀tí jọ. Òróró lín-sìdì tí àwọn káfíńtà ń fi kun igi máa ń gbẹ sínú igi. Ẹ fi kun èèkù, pàápàá ìdí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀, níbi tí omi ti ń yára wọlé jù, kí ẹ wá fi ìda oyin nù ún.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀bẹ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ

Ẹ fi aṣọ di irin mú, ẹ gbìyànjú láti mi èèkù sókè sódò àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gbọ́dọ̀ mì rárá, ì báà ṣe bíńtín. Ẹ wo ẹnu èèkù níwájú ìmọ́lẹ̀: kò yẹ kí ẹ rí àlàfo láàárín ọrùn àti igi. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀. Bí nǹkan bá dún nínú rẹ̀, ìrù ń ṣeré nínú ihò. Ẹ bi alágbẹ̀dẹ léèrè pé báwo ni ìrù ṣe wọlé jìnnà tó. Alágbẹ̀dẹ tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa á fi ìka tọ́ka sí i lára èèkù, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú.

Tí ọ̀bẹ tó wà nílé bá sì ti ń mì, ẹ gbé e tì síbi tí ọmọdé kò ti ní mú un, ẹ má sì fi gé ohunkóhun mọ́ títí wọ́n yóò fi tún un ṣe.